Ẹja Gọ́pì, Ọ̀tá Tanwíjí

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹja kékeré kan tí ń gbé inú gọ́tà ní Èkó. Kò tó ohun tí a ń sè ní ọbẹ̀, kò sì tó ohun tí a ń pàtẹ ní ọjà, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ó ń ṣe kan ìlera gbogbo ilé. Gọ́pì ni orúkọ rẹ̀. Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, níbi tí ilé ti sún mọ́ ilé, tí omi òjò sì máa ń dúró nínú gọ́tà àti nínú kòtò, ó yẹ kí olúkúlùkù baálé àti ìyálé mọ irú ẹ̀dá tí ẹja yìí jẹ́, kí wọ́n mọ ohun tí ó lè ṣe, kí wọ́n sì mọ ohun tí kò lè ṣe.

Ibi tí ó ti wá

Gọ́pì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ baba rẹ̀ ni apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, ní Venezuela àti Guyana, àti erékùṣù Trinidad tí ó wà nítòsí wọn. Ní ọdún 1859 ni Wilhelm Peters, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, kọ nípa rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ ní Poecilia reticulata, orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é títí di òní. Lẹ́yìn èyí ni Robert John Lechmere Guppy, ẹni tí ń gbé ní Trinidad, fi díẹ̀ nínú ẹja náà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù; ní 1866 ni Albert Günther sì fi orúkọ ọkùnrin náà sọ ẹja náà. Orúkọ tí Günther fún un kò dúró nínú ìwé àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n ti Guppy kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Láti ìgbà náà ni a ti gbé e káàkiri àwọn ilẹ̀ olóoru: àwọn kan gbé e nítorí ẹwà rẹ̀, àwọn mìíràn sì gbé e kí ó lè bá wọn jẹ ọmọ ẹ̀fọn.

Ìrísí rẹ̀

Akọ rẹ̀ kò gùn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Abo a máa tó 5 tàbí 6. Gẹ́gẹ́ bí àkùkọ ti lẹ́wà ju àgbébọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni akọ gọ́pì fi àmì pupa, aró, òféèfé àti dúdú ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́, nígbà tí abo dà bí eérú lásán. Ẹwà yìí ní ewu tirẹ̀. John Endler ṣe ìwádìí nínú àwọn odò Trinidad, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1980 pé níbi tí àwọn ẹja apẹran pọ̀ sí, àmì ara akọ gọ́pì kì í hàn tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọ̀tá kò pọ̀, àmì náà a gbilẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé abo fẹ́ràn akọ tí ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀tá pẹ̀lú tètè ń rí i.

Ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkè, nítorí náà ni ó fi rọrùn fún un láti ṣa oúnjẹ ní ojú omi. Bí omi bá bàjẹ́, a gòkè wá sí ojú omi gan-an, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, a sì máa mí níbẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ó lè gbé níbi tí ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn yóò ti kú.

Bí ó ti ń bí

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja ni í yé ẹyin sínú omi. Gọ́pì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ààyè ni ó ń bí. Lẹbẹ kan lábẹ́ ikùn akọ ti di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, èyí ni ó sì fi ń gbé àtọ̀ sínú abo. Inú ìyá ni ẹyin ti ń dàgbà, nígbà tí ó bá sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a bí ọmọ: nígbà mìíràn díẹ̀, nígbà mìíràn 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú kan náà ni àwọn ọmọ náà ń lúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń wá oúnjẹ ara wọn. Wọn kò gbọdọ̀ dúró ti ìyá wọn, nítorí bí ebi bá ń pa á, yóò gbé wọn mì; inú koríko ni wọ́n ń sá sí. Láàrin oṣù méjì sí mẹ́ta, àwọn náà tó bí.

Ohun tí ó yanilẹ́nu jù ni pé abo lè pa àtọ̀ mọ́ sínú ara rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nítorí náà, bí abo kan ṣoṣo tí ó ti pàdé akọ bá bọ́ sínú omi tí kò sí akọ kankan, ó lè fi ọmọ kún un.

Ẹja yìí àti ẹ̀fọn

Gọ́pì a máa jẹ ewédò, kòkòrò kéékèèké, àti tanwíjí, èyí tí í ṣe ọmọ ẹ̀fọn nínú omi. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti yé ẹyin títí di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ yóò fò, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Ẹja tí ó bá jẹ tanwíjí ti gba iṣẹ́ náà ṣe kí ẹ̀fọn tó ní ìyẹ́.

Ní 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Kò pẹ́ tí ìmọ̀ yìí fi dé Èkó, nítorí William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà níbẹ̀ láti 1899 dé 1904, jẹ́ oníṣègùn. Ó pín oògùn kíníìnì fún àwọn ará ìlú, ó sì mú kí a fa omi àbàtà gbẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kì í ṣe irú kan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú gọ́tà ẹlẹ́gbin ni èyí tí kì í jẹ́ kí a sùn lóru. Tanwíjí rẹ̀ a dorí kodò nínú omi. Ẹ̀fọn ibà fẹ́ràn omi òjò tí ó mọ́, tí oòrùn ń pa, bí ojú ẹsẹ̀ màlúù àti ipa ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà. Tanwíjí tirẹ̀ a nà gbalaja ní abẹ́ ojú omi. Irú omi bẹ́ẹ̀ a máa tètè gbẹ, ẹja kò sì lè gbé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí gọ́pì nínú gọ́tà rẹ̀, tí ó sì rò pé ibà kò tún ní wọ ilé òun mọ́, ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Èkíní, kí a má ṣe da ògbólógbòó òróró ẹ́ńjìnnì sínú gọ́tà, kí àgbẹ̀ má sì ṣe fọ agolo oògùn apakòkòrò sínú odò. Oògùn ẹ̀fọn púpọ̀ a máa pa ẹja kíákíá. Lẹ́yìn náà ẹ̀fọn a padà wá yé, kò sì ní sí ẹni tí yóò jẹ ọmọ rẹ̀.

Èkejì, kí a kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà, nítorí abẹ́ ìdọ̀tí ni tanwíjí ń sá pamọ́ sí.

Ẹ̀kẹta, kí a dí kòtò, kí a da omi inú agolo àti táyà àlòkù nù, kí a sì bo àmù àti táǹkì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu ẹja gọ́tà sínú omi mímu.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe gbé gọ́pì lọ sí odò tàbí adágún ẹja. Àlejò tí ń bí tó báyìí lè gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ẹja ìbílẹ̀, kí ó sì jẹ ọmọ wọn.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn ọmọdé àti aboyún máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ní alaalẹ́. Bí ara ọmọ bá gbóná, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibà a máa pa ọmọ kékeré láàrin ọjọ́ díẹ̀.

Ọba Sólómọ́nì rán ọ̀lẹ lọ sọ́dọ̀ èèrà láti kọ́gbọ́n. Ẹni tí ó bá wo gọ́pì yóò rí alágbàṣe kan tí Ẹlẹ́dàá rán sí wa, tí kì í gba owó. Ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó tó o ni ó ń ṣe. Èyí tí ó kù, ti onílé ni.