Bí Èèpo Oúnjẹ Ti Í Di Ilẹ̀dú: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ará Ilasan

Ohun tí àwa fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a sábà ń sọ láàárín ìjọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ pàǹtí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí òwe Olúwa wa nípa igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so èso, yóò rántí pẹ̀lú pé olùṣọ́gbà náà kò fi ẹnu lásán bẹ̀bẹ̀ fún igi náà. Ó ṣe ìlérí pé òun yóò gbẹ́ ìdí rẹ̀, òun yóò sì bu ìgbẹ́ ẹran sí i. A ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí sùúrù ẹni tí ó ni ọgbà; díẹ̀ ni èyí tí a ti gbọ́ lórí ìgbẹ́ ẹran náà. Orí rẹ̀ ni àwa yóò dúró sí.

Kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Lẹ́kkí yìí jẹ́ ilẹ̀ tóóró láàárín òkun àti ọ̀sà, iyanrìn ni omi sì kó jọ síbẹ̀. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Èkó, láti ọdún 1979 títí di ìparí ọdún 1983, tí ìjọba rẹ̀ kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní, orí irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ti Ilasan lé. Lẹ́yìn náà ni a tún fa iyanrìn láti inú ọ̀sà kún ọ̀pọ̀lọpọ̀ irà tí ó yí wa ká. Ẹni tí ó bá ti gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ níhìn-ín mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Òjò oṣù kẹfà a rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ràn fún ọjọ́ méjì péré, ewébẹ̀ a ti rọ. Kì í ṣe pé omi kò wá. Iyanrìn ni kò lè dì í mú. Bí omi sì ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kó ọrọ̀ ilẹ̀ lọ, àti ajílẹ̀ oníhóró tí a fi owó wa rà ní ọjà pẹ̀lú.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná. Iṣu tí a jẹ ní àná lè ti Zaki Biam ní ilẹ̀ Tiv wá, tàbí láti Ṣakí. Tòmátì ti Kánò wá, àlùbọ́sà ti Ṣókótó wá. Olúkúlùkù wọn gbé díẹ̀ nínú agbára ilẹ̀ tí ó hù lórí rẹ̀ wá fún wa. A jẹ ara rẹ̀, a di èèpo rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, a so ọ̀rá náà lẹ́nu, ọkọ̀ PSP sì gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi gbé irú rẹ̀ lọ sí Olúsosùn ní Òjòtá, ààtàn ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1992, tí iná sì sọ níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2018. Àwọn aláṣẹ LAWMA ti sọ pé pàǹtí tí Èkó ń dà nù ní ojúmọ́ kan tó nǹkan bí 13,000 tọ́ọ̀nù, ó sì fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó ti inú ilẹ̀ hù. Bí a bá sin irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò dé, kì í di ilẹ̀ rere. Ó ń rà, ó ń tú gáàsì tí à ń pè ní methane, tí iná ń tètè ràn mọ́, tí ó sì ń mú kí ayé gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Omi dúdú a sì máa ti abẹ́ rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ. Ohun tí a ń ṣe nìyí: a ń gba ọrọ̀ ilẹ̀ ẹlòmíràn, a kò sì dá a padà fún ilẹ̀ kankan.

Àwọn baba wa ní ààtàn ní ẹ̀yìnkùlé. Tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn a máa hù níbẹ̀, wọ́n a sì yọ ju ti inú oko lọ. Àwa kì í ṣe ẹni tí ó gbà pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára, nítorí ẹ̀fọn àti eku ààtàn náà fi ikú pa ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀.

Ní àyíká ìlú Kánò, láti ayébáyé ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru ilẹ̀ gbígbá àti ìgbẹ́ ẹran láti inú ìlú lọ sí oko. Taki ni wọ́n ń pè é, òun ni ó sì mú kí ilẹ̀ tí a ń ro lọ́dọọdún, tí a kì í jẹ́ kí ó sinmi, máa bọ́ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ní Íńdíà, Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Albert Howard, tí ó ṣe olórí ilé ìwádìí ọ̀gbìn kan ní Indore láti ọdún 1924 sí 1931, tẹjú mọ́ ìṣe àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ìlànà tí a lè fi kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ kíyèsí i pé ẹni tí a rán láti kọ́ni ni ó jókòó kẹ́kọ̀ọ́. Ní Ìbàdàn, ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì ibẹ̀ àti ìjọba Ọ̀yọ́ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọjà Bódìjà láti fi pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù ṣe ajílẹ̀. Pacesetter ni wọ́n pè é. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá irú rẹ̀ sí Odógúnyàn ní Ìkòròdú fún pàǹtí àwọn ọjà Èkó. Ìṣòro kan náà ni ó dojú kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, kò sì yọ taki Kánò sílẹ̀ mọ́ ní ayé ìsinsìnyí: ọ̀rá, ìgò fífọ́ àti irin ti dàpọ̀ mọ́ èèpo kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, àti àwọn olú, àti ekòló ní ìkẹyìn, ni òṣìṣẹ́ inú òkìtì; gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ gbogbo, wọ́n ń fẹ́ oúnjẹ, omi àti èémí. Oúnjẹ wọn jẹ́ oríṣi méjì. Èkíní ni ohun tútù: èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tí ó ti rọ, igi ewédú. Náítrójìn pọ̀ nínú rẹ̀. Èkejì ni ohun gbígbẹ: ewé tí ó wọ́ sílẹ̀, háríhá àgbàdo, páálí tí a ya wẹ́wẹ́, ìyẹ̀fun pákó tí ayùn ń tú jáde. Kábọ̀n ni ó pọ̀ nínú èyí. Àwọn onímọ̀ sọ pé ó yẹ kí kábọ̀n tó ìlọ́po 25 sí 30 náítrójìn. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tí kò ní òṣùwọ̀n lè da bókẹ́ẹ̀tì ohun gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta lé bókẹ́ẹ̀tì ohun tútù kan, kò ní ṣìnà.

Bí òkìtì náà bá ga tó mítà kan, tí ìbú rẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ yóò gbóná láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè dé 55 títí dé 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yìí ni ó ń pa kòkòrò àrùn àti èso koríko. Ẹ lè ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ooru bá ń lọ sílẹ̀, kí a fi ṣọ́bìrì yí i padà, kí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ sí àárín, yóò sì tún gbóná. Ní ti omi, bí a bá fún ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan, kí ọwọ́ tutù, ṣùgbọ́n kí ẹ̀kán omi má ju ọ̀kan tàbí méjì lọ.

Àwa fúnra wa kò mọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní àgbàlá ilé tí a ń gbé, a gbẹ́ kòtò, a sì ń da ohun gbogbo tí ó bá ṣẹ́kù sí i lójoojúmọ́: ọbẹ̀, ẹ̀bà, èèpo ọsàn, egungun ẹja. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òórùn rẹ̀ dé yàrá ìkàwé, eṣinṣin sì bò wá. Ìyá àgbà kan tí ń gbé òdìkejì ògiri bọ̀wọ̀ fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti fèrèsé rẹ̀ pa. Kòtò náà ni àṣìṣe wa èkíní, nítorí omi dúró sínú rẹ̀, èémí kò sì sí. Èkejì ni pé a kò fi ohun gbígbẹ kankan sí i. A kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí ilẹ̀, a po ìyẹ̀fun pákó àpò mẹ́rin mọ́ ọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, òórùn ti lọ, ìyá sì ti ṣí fèrèsé.

Ẹran, ẹja, epo àti ọbẹ̀ kò yẹ nínú òkìtì ilé, nítorí wọ́n ń pe eku, àwa tí a sì mọ ohun tí eku ń ṣe nípa ibà Lassa kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré. Kí a máa fi ohun gbígbẹ bo èèpo tuntun ní ọjọ́ kan náà tí a dà á síbẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò bi wá pé, àwa tí a ń gbé yàrá méjì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Jákàńdè, níbo ni a óò to òkìtì sí? Ìbéèrè náà tọ́. Òkìtì kékeré kì í gbóná dáradára, nítorí náà ó sàn kí àwọn ará ilé kan náà pawọ́ pọ̀, ní igun ilẹ̀ tí ó jìnnà sí kànga, tí omi òjò kì í sì í dúró sí. Nínú ilé, bókẹ́ẹ̀tì méjì ti tó: ọ̀kan fún èèpo, èkejì fún ọ̀rá àti ike. Níhìn-ín ni gbogbo iṣẹ́ náà ti ń yè tàbí ti ń kú. Ìjọba Èkó fi òfin de àwọn àwo fúùmù tí a ń bu oúnjẹ sí ní oṣù kìíní ọdún 2024, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè máa yẹ bókẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná wò. Ọmọdé ni ó ń da ilẹ̀ nù nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Àwọn ni kí a kọ́ ṣáájú àgbà.

A kò fẹ́ tàn yín jẹ. Náítrójìn inú ilẹ̀dú yìí kì í sábà ju ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 lọ, nígbà tí àpò NPK 15-15-15 ní ìdá 15. Ẹni tí ó ń retí pé kí ewébẹ̀ òun dúdú láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò rí ìjákulẹ̀. Agbára rẹ̀ wà níbòmíràn: ó ń sọ iyanrìn di ohun tí ó lè gba omi dúró, ó sì ń di oúnjẹ ewéko mú kí òjò má baà wẹ̀ ẹ́ lọ, tí ó fi jẹ́ pé ajílẹ̀ ọjà pàápàá yóò pẹ́ sí i bí a bá bu díẹ̀ lé e. Nínú ooru ilẹ̀ wa kì í pẹ́ tán, nítorí náà ọdọọdún ni a ó máa fi kún un.

Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà yóò dúdú, yóò wúyẹ́wúyẹ́, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ti ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò. A kò ní mọ èèpo iṣu yàtọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Kí a tẹ́ ẹ sórí ebè ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ mẹ́ta, kí a fi ọkọ́ pò ó mọ́ iyanrìn, kí a tó gbin nǹkan. Ẹni tí ó bá to òkìtì rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ewé gbígbẹ pọ̀, tí ó sì ń bu omi wọ́n ọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, yóò rí i lò fún ewédú àti ṣọkọ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Àwọn tí ó bá fẹ́ wo tiwa, kí wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n sì mú èèpo ilé wọn lọ́wọ́.