Bí Epo Mọ́tò Ṣe Ń Dé Ilé Epo

Epo mọ́tò kì í sun láti inú ilẹ̀ ilé epo. Ọ̀nà tí ó ń rìn kí ó tó débẹ̀ jìn, ó sì léwu, ó sì tọ́ kí gbogbo ará ìlú tí ń gbé lẹ́bàá títì mọ̀ nípa rẹ̀.

Ètò tí a ṣe fún ilẹ̀ Yorùbá ni pé kí ọkọ̀ ojú omi já epo sí Atlas Cove ní Èkó, kí páìpù abẹ́ ilẹ̀ sì gbé e lọ sí Móṣímí, nítòsí Ṣágámù, níbi ìkó-epo-pamọ́ tí àwọn awakọ̀ ń pè ní dípò. Láti Móṣímí ni páìpù kan ti lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Òmíràn lọ sí Orè. Ó ṣeni láàánú pé àwọn olè ń lu páìpù wọ̀nyí. Irú rẹ̀ ni ó fa iná tí ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní Abúlé-Ẹ̀gbá ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, 2006. Bí páìpù bá sì dákẹ́, orí títì ni gbogbo ẹrù náà ń bọ́ sí.

Tánkà tí ó gbé 33,000 lítà ru nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 24. Epo kì í jókòó jẹ́ẹ́ bí àpò sìmẹ́ńtì: bí awakọ̀ bá sáré wọ kọ́nà, yóò rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì fa ọkọ̀ ṣubú. Nítorí èyí ni a ṣe ń pín inú àgbá náà sí yàrá-yàrá. A kì í sì í rọ ọ́ kún dé ẹnu, nítorí epo a máa wú bí oòrùn bá mú un. Láti oṣù Kẹta 2025 ni ìjọba ti ní kí tánkà tí ó gba 60,000 lítà má ṣe wá gbé epo mọ́.

Ibi tí ọ̀ràn kan ará ìlú nìyí. Ooru epo wúwo ju atẹ́gùn lọ. Kì í gòkè bí èéfín; ilẹ̀ ni ó ń fà, a wọ inú gọ́tà, títí yóò fi bá iná pàdé lọ́nà jíjìn. Ní Májíyà, ní ìpínlẹ̀ Jígáwá, ní oṣù Kẹwàá 2024, àwọn tí ń bu epo lára tánkà tí ó ṣubú ni iná ká mọ́. Àwọn tí ó kú lé ní 150. A mọ̀ pé epo ti wọ́n láti 2023 tí a ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni iye garawa epo kan?

Bí tánkà bá ṣubú ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe ṣáná sí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ amúnáwá. Ẹ kó àwọn ọmọdé lọ sí ìhà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ẹ sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní 122.