Bíbélì àti Ìmọ̀ Ìwalẹ̀pìtàn: Ẹ̀rí Ìgbà Ọba Hesekáyà

Ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó ń fi ohun tí àwọn ará àtijọ́ fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, bí ìkòkò, ògiri, ohun ìjà àti àkọlé ara òkúta, ṣe ìwádìí nípa ìgbésí ayé wọn. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a ti ń lò ó láti yẹ ìtàn inú Bíbélì wò. Àwọn kan gbà pé ó ti fi gbogbo Bíbélì múlẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó ti sọ ọ́ di àlọ́ lásán. Kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ìtàn Hesekáyà, ọba Júdà, fi èyí hàn kedere, nítorí pé ó wà nínú Bíbélì, ó wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀tá rẹ̀, ipa rẹ̀ sì wà nínú àpáta títí di òní.

Ohun tí Bíbélì sọ

Ní ọdún 701 ṣáájú ìbí Kristi, Senakéríbù, ọba Ásíríà, gbógun ti Júdà. Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 18 àti 19, sọ pé ó gba àwọn ìlú olódi Júdà, pé ó wà ní Lákíṣì, àti pé Hesekáyà san 300 tálẹ́ńtì fàdákà àti 30 tálẹ́ńtì wúrà fún un ní ìṣákọ́lẹ̀. Síbẹ̀, Jerúsálẹ́mù kò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìwé náà ní áńgẹ́lì Olúwa pa 185,000 nínú àwọn ọmọ ogun Ásíríà ní òru, ọba wọn sì padà sí Nínéfè.

Ẹ̀rí láti ẹnu ọ̀tá

Ní ọdún 1830, a rí amọ̀ sísun onígun mẹ́fà kan ní àwókù Nínéfè, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Ìráàkì lónìí. Ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Lára rẹ̀ ni Senakéríbù ti ròyìn ogun yìí: ó ní òun gba ìlú olódi 46, òun kó 200,150 ènìyàn, òun sì sé Hesekáyà mọ́ inú Jerúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Iye wúrà tí ó kọ bá ti Bíbélì mu, ìyẹn 30 tálẹ́ńtì. Ti fàdákà ni kò bá a mu, nítorí 800 ni ó kọ.

Ohun tí kò kọ sílẹ̀ tilẹ̀ ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Kò sọ níbì kankan pé òun gba Jerúsálẹ́mù, bẹ́ẹ̀ ọba tí ń fi ìṣẹ́gun yangàn kò ní fi irú èyí pamọ́. Kò sì mẹ́nu kan áńgẹ́lì tàbí òkú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ogun Lákíṣì ni ó gbẹ́ sára òkúta ògiri ààfin rẹ̀, èyí tí Austen Henry Layard hú jáde. Ní Lákíṣì fúnra rẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn rí òkìtì tí àwọn ará Ásíríà mọ láti fi gun odi ìlú, pẹ̀lú orí ọfà àti òkúta kànnàkànnà. Bí ọ̀tá méjì bá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ kan náà, adájọ́ a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìdí.

Omi abẹ́ àpáta

Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 32, sọ pé Hesekáyà dí ojú ìsun Gíhónì, ó sì darí omi rẹ̀ lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn ìlú Dáfídì. Ihò omi kan tí a gbẹ́ gba inú àpáta kọjá wà ní Jerúsálẹ́mù síbẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 533. Ní ọdún 1880, àwọn ọmọdé rí àkọlé èdè Hébérù onílà mẹ́fà lára ògiri rẹ̀. Ó ròyìn bí ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ méjì ṣe ń gbẹ́ ihò náà bọ̀ láti ìpẹ̀kun méjèèjì, títí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn ara wọn tí wọ́n sì pàdé. Àkọlé náà wà ní Istanbul, ní Tọ́kì, báyìí.

Nítorí pé kò dárúkọ ọba kankan, àwọn kan jiyàn lórí ọjọ́ orí ihò náà. Sáyẹ́ǹsì ni ó dá sí i. Ohun abẹ̀mí a máa gba irú kábọ́ọ̀nù kan sára. Bí ó bá ti kú, kábọ́ọ̀nù náà a máa dín kù ní ìwọ̀n tí a mọ̀, èyí tí a fi ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde àyẹ̀wò ewéko inú ohun tí a fi rẹ́ ihò náà jáde: ó sún mọ́ ọdún 700 ṣáájú ìbí Kristi, èyí tí ó bá ìgbà Hesekáyà mu.

Ìwé tí a dà kọ

Ìtàn Hesekáyà tún wà nínú ìwé Aísáyà, orí 36 sí 39. Ní ọdún 1947, a rí àkájọ ìwé Aísáyà kan nínú ihò àpáta ní Kúmúránì, lẹ́bàá Òkun Òkú. Ó fi nǹkan bí 1,000 ọdún dàgbà ju àwọn odindi ìwé Aísáyà ní èdè Hébérù tí a mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín wọn, pàápàá nínú sípẹ́lì àti àwọn ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ìwé kan náà ni wọ́n. Èyí fi hàn pé àwọn adàwékọ ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra adàwékọ nìkan kò sọ ìtàn di òtítọ́. Pé ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ wa láìdàrú ni ó jẹ́rìí sí.

Ibi tí ẹ̀rí dé dúró

Kì í ṣe gbogbo ibi ni ẹ̀rí ti dán mọ́rán báyìí. Ní àwọn ọdún 1930, John Garstang walẹ̀ ní Jẹ́ríkò, ó sì kéde pé òun rí odi tí ó wó ní ìgbà Jóṣúà. Ṣùgbọ́n Kathleen Kenyon, tí ó walẹ̀ níbẹ̀ láti 1952 sí 1958, fi hàn pé odi náà ti wó ní nǹkan bí 1,000 ọdún ṣáájú ìgbà tí Garstang fi í sí. Èrò Kenyon ni ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn tẹ̀ lé, bí àríyànjiyàn kò tilẹ̀ tíì tán. Ẹni tí ó bá yára gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lé odi kan, ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e lè bì í ṣubú.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ pé a ti rí ẹ̀rí kan, ó yẹ kí ó béèrè ohun mẹ́ta: kí ni a rí gan-an? Báwo ni a ṣe mọ ọjọ́ orí rẹ̀? Apá wo nínú ìtàn náà ni ó sì kàn? Ilẹ̀ lè jẹ́rìí sí ọba, ìlú, ogun àti omi, ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Hesekáyà. A kò lè fi ọkọ́ hú áńgẹ́lì jáde nínú ilẹ̀. A kò sì lè fi ọkọ́ sọ pé kò sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn parí sí, tí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sì bẹ̀rẹ̀.