Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣáná sí cigar

Láti Mọníyà títí dé Akànràn, tábà kì í ṣe àjèjì. Àwọn àgbà wa fín aṣáà, wọ́n fa ìkòkò. Ọdún 1937 ni iléeṣẹ́ sìgá ti wà n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n cigar làwọn ọ̀dọ́ ń bi mí léèrè báyìí.

Sìgá lásán, bébà ni wọ́n fi ká tábà wẹ́wẹ́. Cigar ò ní bébà: ewé tábà ni látinú dóde. Orí ẹ̀ máa ń dí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta cutter, abẹ kékeré tí wọ́n fi ń gé e. Láítà onígáàsì tàbí ìṣáná ni wọ́n fi ń tàn án, torí òórùn epo máa ń wọ inú ewé. Humidor ni àpótí onígi tó ń pa ọ̀rinrin mọ́, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100. Láìsí i, tí ọyẹ́ bá dé, ewé náà á gbẹ, á sì ya.

Wọ́n á ní kò léwu, torí pé wọn kì í gbé èéfín ẹ̀ mì. Irọ́ ni o! Ẹnu nìkan tó láti gba nicotine sára. Tábà inú cigar ńlá kan lè tó ti odindi páálí sìgá, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun. Òfin tábà ọdún 2015 sì ka títa á fún ọmọ tí ò tíì pé 18 léèwọ̀.

Èmi ò ní ra ìkankan nínú ẹrù yìí. Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó dáadáa: owó yín ni, ara yín sì ni.