Ìdí Tí Eré Pẹ̀lẹ́ Fi Ṣòro Láti Sá

Ẹni tí ó bá ti sá eré líle, yálà máratọ́ọ̀nù ìlú Èkó tí ó jẹ́ kìlómítà 42.195, tàbí eré gígùn ti òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń gbà nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ sinmi, kí ó sì padà sójú ọ̀nà fún eré pẹ̀lẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí jọ́gìn. Ìṣẹ́jú 20 sí 40 ti tó. Ẹni tí kì í sáré yóò rò pé èyí ni ó rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ sárésáré, ṣùgbọ́n òun gan-an ni wọ́n máa ń ṣe láṣìṣe jù.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara lẹ́yìn eré líle?

Eré líle a máa ya àwọn fọ́nrán iṣan ní wínníwínní. Ìrora rẹ̀ kì í sábà dé lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 12 sí 24, a sì máa le jù láàrin ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta. Ní àsìkò yìí ni ara ń tún iṣan ṣe, tí ó sì ń dá ṣúgà tí a ti ná padà sínú wọn. Bí a tilẹ̀ jẹ iyán tàbí ìrẹsì dáadáa, ìdápadà ṣúgà yìí lè gba odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti egungun tún lọ́ra ju èyí lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni egungun fi ń tún ara rẹ̀ mọ. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ara ènìyàn ti yá gágá nígbà tí egungun ojúgun rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ rárá. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Àwọn kan gbàgbọ́ pé ásíìdì tí ó kù nínú ẹsẹ̀ ni ó ń fa ìrora náà, àti pé a gbọ́dọ̀ fi eré àti òógùn lé e jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin nǹkan bí wákàtí kan tàbí méjì ni ara ti kó o kúrò. Kí a sọ òtítọ́, kò sí ẹ̀rí tí ó lágbára pé eré pẹ̀lẹ́ ń mú iṣan yára jinná ju ìsinmi lásán lọ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń tú ẹsẹ̀ tí ó ti le, ó sì ń fi ìrìn kún ìrìn fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró láì dá ọgbẹ́ tuntun sílẹ̀. Bí a bá wá sọ ọ́ di eré líle, àǹfààní yẹn ti lọ.

Kí ló dé tí ìkóra-ẹni-níjàánu fi ṣòro?

Ní ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ a máa wúwo bí òjé. Lẹ́yìn náà ara á móoru, ìrora á dínkù, ènìyàn á sì rò pé òun ti bọ̀ sípò. Kò ní mọ ìgbà tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ìtìjú náà ń kó tirẹ̀: ní Àbújá tàbí Ìbàdàn, sárésáré kò lè ṣàìní òǹwòran, bí ẹ bá sì ń rọra lọ, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Marwa kan yóò bi yín pé, “Ọ̀gá, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?” Ní tèmi, aago ọwọ́ tí ń fi iye eré wa ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ọ̀rẹ́ ni mo dá lẹ́bi jù.

Ní àwọn ọdún 1960, Bill Bowerman, olùkọ́ni eré sísá ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà, ń kọ́ni pé kí ọjọ́ líle àti ọjọ́ ìrọ̀rùn máa tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Kenny Moore, kò gbà. Ní ọjọ́ ìrọ̀rùn, a máa lọ sá eré gígùn, àìsàn àti ìfarapa sì ń bá a fínra. Bowerman pàṣẹ pé fún ọ̀sẹ̀ 3, kò gbọdọ̀ sáré bí kò ṣe lójú òun: eré pẹ̀lẹ́ ní òwúrọ̀, àti ìdánrawò tí gbogbo wọn jọ ń ṣe ní ọ̀sán. Bí òun bá gbọ́ pé ó fi ìṣísẹ̀ kan lé e, kò ní sáré fún yunifásítì náà mọ́. Inú bí Moore, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 3 náà pé, ó sá eré máìlì 2 ju bí ó ti sá a rí lọ fíìfíì. Ní ọdún 1972, òun ni ó ṣe ipò kẹrin nínú máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Munich.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé a ń rọra tó?

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ jọ ń sáré bi yín ní ohun tí ẹ jẹ lálẹ́ àná. Bí ẹ bá lè ròyìn ọbẹ̀ náà délẹ̀ láì mí hẹlẹ, ó dára. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ lè sọ, ẹ ti yára jù. Ẹ tún lè yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220, kí ẹ sì mú ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó kù: ẹni ọdún 40 yóò rí 180, kí lílù ọkàn rẹ̀ má sì ju nǹkan bí 126 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìfojúbù ni èyí o. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń dín lílù ọkàn kù, ẹ má gbára lé e.

Ẹ má fi eré yín ní Èkó wé ti ẹni tí ó wà ní Jos níbi tí atẹ́gùn ti tutù. Nínú ooru, ọkàn ní láti darí ẹ̀jẹ̀ sí awọ ara kí ara lè tutù, nítorí náà a máa lù kíkan bí ìṣísẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà. Ẹ jáde ní ìdájí, bí ó bá sì di dandan, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàrin eré.

Bí ìrora bá dúró sí ojú kan ṣoṣo lórí egungun, tí ó sì ń le sí i bí ẹ ti ń sáré, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tí ibà ń ṣe kò gbọdọ̀ sáré rárá, eré pẹ̀lẹ́ pàápàá. Àyẹ̀wò ibà ni ó kàn. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ irú ìdánrawò báyìí. Bí ìtọ̀ bá sì dúdú bí tíì tí a kò bu mílíìkì sí, pẹ̀lú iṣan tí ó wú tí ó sì ń roni gidigidi, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí ó lè ba kíndìnrín jẹ́.