Agbè Ló Fọ́, Omi Kò Dànù

Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Port Harcourt ń kọ orúkọ àti owó àjọ sí bá kú, a lè yọ dísìkì rẹ̀ sínú òmíràn. Bí èyí kò bá tàn dé ojú iṣẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Ó lè jẹ́ pé ètò BIOS àtijọ́ ni dísìkì náà mọ̀, tí kọ̀ǹpútà yìí sì ń lo UEFI. Ẹ yí ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà. Bí kò bá gbà, ẹ fi okùn USB so dísìkì náà mọ́ ọn láti òde, kí ẹ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀. Bí BitLocker bá béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48, ẹ wò ó nínú àkáǹtì Microsoft akọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí alátùn-únṣe bá ní òun yóò kọ́kọ́ nu dísìkì náà, ẹ kọ̀ fún un: ìgbà náà ni omi yóò dànù.