Áàsì Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ilẹ̀

Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kò mọ́lẹ̀ tó lè ṣekú pa ènìyàn lójú ọ̀nà lálẹ́, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ ṣe géérégé. Àwọn rewáyà kì í ka iná tí ó kú àti iná tí ó ń ṣe bàìbàì sí ohun kan náà. Bí iná bá kú, gílóòbù tàbí fíúùsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí. Bí ti apá kan bá ń ṣe bàìbàì, tí ti apá kejì sì mọ́lẹ̀ kedere, 'áàsì' ni wọ́n máa ń dárúkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń ṣi atúmọ̀ lọ́nà. Nítorí pé 'ilẹ̀' ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, 'ilẹ̀' náà ni ó rọrùn láti kọ. Ṣùgbọ́n orí táyà rọ́bà ni ọkọ̀ dúró lé; iná rẹ̀ kò bá ilẹ̀ dá nǹkan pọ̀. Wáyà ni iná ń gbà dé gílóòbù. Ara irin ọkọ̀ ni ó ń gbà padà sí orí bátìrì tí ó ní àmì àyọkúrò. Ọ̀nà-àbọ̀ ni áàsì ọkọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òwú méjì ni ó wà nínú gílóòbù kan: ti wáàtì 5 fún iná alẹ́, ti wáàtì 21 fún bíréèkì. Ọ̀nà-àbọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń lò. Bí ó bá dípẹtà, iná bíréèkì yóò ṣe bí omi tí ẹrẹ̀ dí ojú àgbàrá rẹ̀: yóò yà gba inú òwú kejì, yóò sì wá ọ̀nà mìíràn padà. Ìdí nìyí tí iná alẹ́ fi lè rẹ̀yìn sí i nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ẹni tí ó ń ka 'ilẹ̀' kò lè ronú kan èyí láéláé.

Mítà ni í ṣe ìdájọ́. Kí a tan iná náà, nítorí mítà kò ní rí nǹkan kan bí iná kò bá ń kọjá. Kí ẹnu mítà kan kan ara irin gílóòbù, kí èkejì kan orí bátìrì alámì àyọkúrò. Bí ọ̀nà-àbọ̀ bá dára, òǹkà yóò súnmọ́ òdo. Bí ó bá jẹ́ fóltì 2 nínú 12, ìmọ́lẹ̀ lè dín sí nǹkan bí ìdajì, torí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù olówùú máa ń yára lọ sílẹ̀ ju fóltì lọ. Rewáyà tí kò ní mítà a fa wáyà láti ara gílóòbù sí ibi tí ó ti ha irin ọkọ̀ mọ́. Bí iná bá mọ́ kedere, ó ti rí i. Bí kò bá yí padà, ọ̀nà-àlọ ni kí ó tọ̀: ojú ìsopọ̀, súìṣì, wáyà fúnra rẹ̀.

Ti inú ilé yàtọ̀. Irin tí a rì mọ́lẹ̀ ní ti gidi ni áàsì ilé, láti dáàbò bo ènìyàn. Níbẹ̀, 'ilẹ̀' tọ̀nà. Ìperí méjì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan yìí ń béèrè, kí ìwé ẹ̀kọ́ sì fi 'áàsì' àwọn rewáyà sí ẹ̀gbẹ́ 'ọ̀nà-àbọ̀', kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbọ́ èdè wọn nígbà tí ó bá dé ṣọ́ọ̀bù.